Àpótí Tí Kò Gbọdọ̀ Pariwo

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù kìíní 1999. Ìkìrun

Ẹrù Dàmọ́lá ti dé láti Ìkẹjà. Dẹ́rẹ́bà ní abẹ́ ìjókòó lòun tì í sí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Abẹ́ ìjókòó! Ohun tí àbúrò mi dì bí ọmọ tuntun. Mo tú u sórí bẹ́ẹ̀dì: bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kan tí kò fẹ̀ ju abọ́ ẹ̀bà mi lọ, dísìkì kan, pówà tó ní fáànù nínú, kíbọ́ọ̀dù, máíìkì kan, ohun ìtẹ̀bọtí tí èèyàn fi ń dá orin gbọ́, àti ìwé pélébé. Dàmọ́lá kọ lẹ́tà sí i: "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo nǹkan ti wà lára bọ́ọ̀dù yìí, ohùn o, àwòrán o. Ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan kún un. Kí Bàbá tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Bí ẹni pé n kò mọ̀. Dókítà n'Ìbàdàn ti fún wa lọ́jọ́: 2 oṣù kẹta ni wọn yóò yọ àpótí ohùn kúrò lọ́fun Bàbá. Wọ́n ní Bàbá á yè é, wọ́n á máa jẹun, ọrùn ni wọ́n á máa gbà mí. Ṣùgbọ́n ohùn, ó tán nìyẹn. Ọ̀gá akọrin ọdún méjìdínlógójì ní Ìnísà!

Orin kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n kọ ọ́ fún ìkórè ọdún 1961, tírẹ́bù, ááltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì. Kò sí kúáyà kan tó tíì kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo sọ ní Kérésìmesì pé kọ̀ǹpútà lè gba ohùn ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹrin, kó sì tò wọ́n léra. Wọ́n wò mí títí. "Èmi nìkan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méje àti ọjọ́ mẹ́rin.

Àbámẹ́ta, 9 oṣù kìíní. Òkukù

Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi là. Mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọláwuyì tó ń tún rédíò ṣe, àti mónítọ̀ tí Dàmọ́lá gbé wá ní ọdún. Ó ń gbààwẹ̀, inú ẹ̀ ò sì dùn sí ẹnikẹ́ni. Ó yí bọ́ọ̀dù náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Tíṣà, níbo ni ìyókù wà?"

"Ìyókù wo?"

"Èyí tó ń gbé ohùn jáde. Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé inú pátákó pẹlẹbẹ yìí ni rédíò wà?"

Mo fi ihò mẹ́ta hàn án létí bọ́ọ̀dù: ọ̀kan fún máíìkì, ọ̀kan fún ohun ìtẹ̀bọtí, èyí tó kù n kò tíì mọ̀. Ó fi awò ojú rẹ̀ wo inú ihò náà bí ẹni ń wá èèrà. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wò ó." Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí èmi náà ní nìyẹn. Mo ní n kò lọ síbì kankan, a jọ máa wò ó ni.

Ìṣẹ́gun, 12 oṣù kìíní

Mo gba Òkukù lọ lẹ́yìn ilé ìwé. A tàn án. Ó ké píì, píì, píì, kò sì sọ nǹkan míì.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kìíní

Ìrántí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní mẹ́mọ́rì, ni kò wọlé dáadáa! Pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan báyìí, ó yẹ kí ó dún kẹ́ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ wọlé, àwa sì ń ṣe jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹyin. Ọláwuyì tẹ̀ ẹ́ dáadáa lónìí, ó dún kẹ́, ojú mónítọ̀ sì mọ́lẹ̀. Mo pariwo. Àwọn tó wà ní ìsọ̀ ẹran ní iwájú sáré wá, wọ́n rò pé iná ti gbé ẹnì kan.

Àbámẹ́ta, 16 oṣù kìíní. Òkukù

Bàbá fúnra wọn wọ ọkọ̀ wá láti Ìnísà. Wọ́n wọ kóòtù, nínú eruku yìí! Wọ́n gbé ìwé sólfà wọn sórí tábìlì Ọláwuyì, wọ́n sún àwọn rédíò tó ti tú sẹ́yìn, wọ́n kọ ìlà àkọ́kọ́ nìkan láti fi dán an wò:

*Ẹni tó rọ òjò sí wa lóko, òun la gbé èso bọ̀ wá fún.*

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n kọ ọ́, ọ̀nà mẹ́rin. Mo tò wọ́n léra bí ìwé Dàmọ́lá ṣe sọ, mo sì fún wọn ní ohun ìtẹ̀bọtí. Bàbá di ojú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan wọ́n là á.

"Kíkẹ́, àwa mẹ́rin la kọrin. Ta ni ẹnì karùn-ún tó ń dún bí ẹni ń yan gúgúrú lẹ́yìn wa?"

Fáànù ni. Ohùn kan, ariwo kan. Ohùn mẹ́rin, ariwo mẹ́rin. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní fíṣíìsì láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kí ló ṣe tí n kò fi rò ó ṣáájú? Mo bínú sí ara mi débi pé n kò lè jẹ àkàrà tí Bàbá rà.

Ajé, 18 oṣù kìíní

Mo ti rí i pé ariwo mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Mo fi orí sùkúrúdíráfà kan ara ẹ̀rọ, mo fi ìdí rẹ̀ kan egungun ẹ̀yìn etí mi, mo sì ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáànù pówà ń hu. Fáànù kékeré tó wà lórí ọpọlọ ẹ̀rọ ń ké bí ẹ̀fọn. Dísìkì ń kùn, ó sì ń gbọ̀n àpótí. Ọláwuyì ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́." A ń gbà á lọ́wọ́ ara wa bí ọmọdé tó rí ọsàn. Ó ní ọ̀la lọdún ìtúnu ààwẹ̀ bí wọ́n bá rí oṣù, kí n wá jẹ ẹran.

Àbámẹ́ta, 23 oṣù kìíní. Òkukù

Ọjọ́ ńlá ni. Kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Fáànù kékeré: a yọ ọ́ dànù. Ọláwuyì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ kan tó ti jóná láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì tú irin alumíníọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀, eléyín bí òòyà, ó wúwo bíi bíríkì. Ó fi ayùn gé e, mo fi sáńpépà lọ̀ ọ́ lórí sìmẹ́ńtì títí ó fi ń dán. Ó fi ìpara funfun tí àwọn alátùn-únṣe rédíò ń lò sí i, a dì í mọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Mo fọwọ́ dì í mú lẹ́yìn wákàtí kan, mo ka ení, èjì dé ẹẹ́wàá kí ó tó gbóná jù fún mi. Ó tó.

Fáànù pówà: ìyẹn ò ṣeé yọ, yóò jóná. Fólìtì méjìlá ló ń jẹ, Ọláwuyì sì yí wáyà rẹ̀ sójú fólìtì márùn-ún. Ó wá ń yí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ronú. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan inú pówà náà rárá, ó ní iná máa ń sá pamọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á.

Dísìkì: rọ́bà tí àwọn ọlọ́kadà fi ń de ẹrù ni. Mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, a fi so dísìkì rọ̀ sáàárín àpótí, kò kan igi kankan. Gbígbọ̀n rẹ̀ parí sínú rọ́bà.

Àpótí náà ńkọ́? Àpótí igi rédíò àtijọ́ tí inú rẹ̀ ti tán. Gbogbo ẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó ku àyè.

A tàn án. A ń retí. Ọláwuyì ní, "NẸ́PÀ ti mú un lọ." Mo ní iná wà, wo gílóòbù. Mónítọ̀ ti mọ́lẹ̀ tipẹ́, àwa ò gbọ́ nǹkan kan! Obìnrin kan tó wá gba rédíò ọkọ rẹ̀ sì gbé àwo ẹ̀pà lé àpótí náà lórí. "Ẹ gbé e kúrò o, ó ń ṣiṣẹ́!" Obìnrin náà wò wá, ó ní, "Kí ló ń ṣiṣẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àbámẹ́ta, 30 oṣù kìíní. Ìnísà

Lẹ́yìn ìmọ́tótó, nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo gbé àpótí náà sórí itan mi láti Ìkìrun dé Ìnísà. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí bóyá adìyẹ ló wà nínú rẹ̀, kí ló dé tí kò fi ké. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn, kí ó má ké. Ọláwuyì de mónítọ̀ mọ́ ẹ̀yìn Vespa, ó ti dé ilé Bàbá kí n tó dé.

A kọ́kọ́ jà. Mo ní kí Bàbá fi tírẹ́bù bẹ̀rẹ̀, nítorí ohùn òkè ló ń kọ́kọ́ lọ, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń lọ. Wọ́n ní láti ọdún 1961 báàsì làwọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ orin, àwọn ò ní tìtorí ẹ̀rọ kọ orin sódì. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀rọ, ọ̀fun ni." Wọ́n ní, "Ọ̀fun ta ni?"

Báàsì bẹ̀rẹ̀. Ìlà kejì, ó ń lọ dáadáa, àfi fèrèsé:

"Bàbá kúáyà, ẹ kú ilé o!"

Bàbá dá báàsì dúró. "Ẹ kú ìrìn o, ìyá Àjíṣafẹ́! Ṣé àwọn ọmọ le?"

A tún bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan kọjá. "Ẹ káàárọ̀ sà." "Káàárọ̀ o, ọmọ mi, bàbá rẹ ńkọ́?" Ẹ̀ẹ̀meje! Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dáhùn, orí nìkan ni kí wọ́n mì. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n bọ́ aṣọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Kí n gbọ́ kíkí èèyàn kí n dijú? Kí wọ́n lè sọ pé àìsàn ti sọ mí di agbéraga?"

Mo wá ti fèrèsé, mo ti ìlẹ̀kùn. Àṣìṣe ńlá. Ilé ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, tí wọ́n tì pa ní àárọ̀ Sátidé! Kí aago méjìlá tó lù, obìnrin mẹ́fà ti wà ní pálọ̀, ọ̀kan ti ń nu ojú. Mo ní kò sí nǹkan, orin ni wọ́n ń kọ. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ àfìgbà tí Bàbá fúnra wọn jáde sí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun gan-an. Aago mẹ́ta ni n óò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ládùúgbò pé ìgbà náà ni kí wọ́n wá kí mi, n óò sì dá gbogbo wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ọ̀fun mi títí di ìgbà yẹn."

Ìyá Àjíṣafẹ́ ló wá dúró ní ìkóríta, tó ń dá àwọn èèyàn dúró. A rí báàsì gbà ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Ó mọ́ tónítóní, n kò gbọ́ fáànù, n kò gbọ́ dísìkì, Bàbá nìkan. Ní aago mẹ́ta, àwọn akíni tò dé ẹnu géètì.

Àìkú, 7 oṣù kejì

Kò síná láti Ẹtì. Jẹnẹrétọ̀ ò ṣeé lò, ariwo rẹ̀ yóò bo orin. Àbámẹ́ta kan ti lọ báyẹn.

Àbámẹ́ta, 13 oṣù kejì. Ìnísà

Ọyẹ́ ti ká, ooru dé. A ti fèrèsé, àpótí sì gbóná débi pé ó dákú ní àárín tẹ́nọ̀, ojú mónítọ̀ gan pa. Mo gbé e sílẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, níbi tó tutù jù nínú yàrá, a dúró fún ìṣẹ́jú ogójì. Bàbá jókòó láìsọ̀rọ̀, wọ́n ń pa ohùn wọn mọ́. Nígbà tí ó jí, wọ́n kọ tẹ́nọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dáa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sétí pẹ̀lú báàsì. "Báàsì yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀," ni wọ́n wí. Ara wọn ni wọ́n ń yìn o!

Àbámẹ́ta, 20 oṣù kejì. Ìnísà

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni a gba ááltò kí a tó rí ọ̀kan. Ohùn wọn ń ya ní ibi tó bá ti gòkè díẹ̀. Wọ́n mu omi oyin, wọ́n sinmi, wọ́n tún dìde.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká gbìyànjú tírẹ́bù. Wọ́n la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde. Wọ́n tún là á. Afẹ́fẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n pa ìwé sólfà dé, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Inú bí mi gan-an, kí n má purọ́ nínú ìwé ara mi. Ká ní mo takú lọ́jọ́ kìíní pé tírẹ́bù ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ohùn náà ì bá wà nínú dísìkì báyìí. Mo wọ ọkọ̀, mo sì sunkún láti Ìnísà dé Ìkìrun, kọ̀ndọ́ sì ń wò mí.

Àbámẹ́ta, 27 oṣù kejì. Ìnísà

Ọjọ́ ìdìbò. Àná ni mo ti sùn síbí nítorí kò ní sí ọkọ̀. Irú ìdákẹ́jẹ́ báyìí, n kò gbọ́ ọ rí ní Ìnísà: kò sí ọ̀kadà, kò sí ẹ̀rọ ọlọ, kò sí akíni, gbogbo èèyàn ti wà lórí ìlà ìbò. Iná sì wà! Gbogbo ohun tí a ti ń wá láti oṣù kìíní ló pé sí ojú kan, àfi ohùn tírẹ́bù.

Bàbá gbìyànjú láti aago mẹ́jọ dé mẹ́sàn-án. Wọ́n wá yí sí mi.

"Kíkẹ́, ìwọ ni kí o kọ ọ́."

"Èmi?"

"Ìwọ."

"Bàbá, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀yin lẹ lé mi jáde nínú kúáyà, ní ojú gbogbo ìjọ, ní Àìkú ọ̀pẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà."

"Mi ò gbàgbé," wọ́n wí. Ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ. "O máa ń kọ ohun tó wù ọ́, o kì í kọ ohun tí mo kọ. Jókòó síbí."

Mo jókòó. Kí ni n óò ṣe? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo tún di ọmọ kúáyà. Wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe sólfà, mo ń kọ, wọ́n ń mi orí pé rárá. Wọ́n ń fi ìka lu tábìlì. Rárá. Ní ọ̀sán, mo ti ń gba ìlà méjì jẹ́jẹ́. Ní aago mẹ́rin ku díẹ̀, mo ń kọ ọ́ dé ìparí fún ìgbà àkọ́kọ́, NẸ́PÀ sì mú iná. Pì! Gbogbo ohun tí n kò tíì fi pamọ́ lọ. A dúró dé aago méje, kò wá.

Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ó ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀la la ń lọ Ìbàdàn."

Wọ́n wò mí bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ìbéèrè. "Kí ló bọ́? Ọ̀fun ni wọ́n ń gé. Wọn ò gé etí mi."

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹta. Ìbàdàn

Wọ́n gbé Bàbá wọlé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọ́n gbé wọn jáde ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n yè. Ọlọ́run, o ṣeun.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹta. Ìbàdàn

Nọ́ọ̀sì fún Bàbá ní síléètì àti ṣọ́ọ̀kì. Mo rò pé omi ni wọ́n máa béèrè. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: TÍRẸ́BÙ ŃKỌ́?

Mo ní mo ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ nínú ilé ìwẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀: ILÉ ÌWẸ̀ MÁA Ń PURỌ́ FÚN OHÙN. Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ajé, 5 oṣù kẹrin. Ìnísà

Ajé Àjíǹde. Gbogbo ìjọ ti lọ sí Gálílì pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹran, àdúgbò dá wáí. Iná wà láti òru.

Bàbá jókòó sórí àga, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lọ́rùn wọn lórí ihò náà. Èémí wọn ń dún, mo sì rí i pé máíìkì yóò gbọ́ ọ. Kí n tó mọ bí n óò ṣe sọ ọ́, wọ́n ti dìde, wọ́n ti lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí mo ti lè rí ọwọ́ wọn láti fèrèsé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti darí mi. Mo tẹ ohun ìtẹ̀bọtí. Bàbá wà létí mi, ní báàsì, ní tẹ́nọ̀, ní ááltò; Bàbá sì wà níwájú mi lóòró, wọ́n ń fọwọ́ gbé mi sókè. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ bí ó ṣe rí lára mi. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́, ìyẹn ni mo lè kọ.

Ìgbà kẹsàn-án ni ó gún. Mo tò ó lé àwọn mẹ́ta yòókù. Mo fi pamọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe Bàbá wọlé.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ etí méjèèjì, wọ́n di ojú. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Àpótí ò dún, yàrá ò dún, ojú wọn nìkan ni mo ń wò. Ó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀. Omi jáde lójú ọ̀tún, wọn ò nù ún. Wọ́n fọwọ́ sọ pé kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ní ìlà kẹta wọ́n la ojú, wọ́n sì fa ojú ro. Mo mọ ibẹ̀. Mo ti gòkè níbẹ̀ ju bí ìwé ṣe wí lọ, ibẹ̀ ló ń fà mí, n kò rí ara mi dá dúró.

Wọ́n yọ ọ́ létí. Wọ́n mú síléètì, wọ́n kọ̀wé, wọ́n yí i sí mi.

ÌLÀ KẸTA. O Ò KỌ OHUN TÍ MO KỌ.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n tún un gbà. Iná ṣì wà."

Wọ́n mi orí pé rárá. Wọ́n fa ìwé sólfà ọdún 1961 sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n bu itọ́ sí ìka, wọ́n pa lẹ́tà kan rẹ́ ní ìlà kẹta tírẹ́bù. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọ tèmi síbẹ̀.